Mẹ́mọ́rì, YouTube, alárinà tàbí agbátẹrù: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí olórin Ìbàdàn lè gbà gbé orin jáde

Kí ẹ tó pinnu ibi tí orin yín máa gbà jáde, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ta ló ń sanwó fún yín? Oní-fújì tó ń ṣeré lóde ìyàwó ní gbogbo Sátidé, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó pè é àti àwọn tó ń ná an lówó lójú agbo. Akọrin ẹ̀mí tí àwọn ìjọ ń pè sí ìsọjí, owó tirẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ àti fílááṣì tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Pólì tó ń kọrin nínú yàrá rẹ̀ ní Sángo, tí kò ní báńdì, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè sóde, àfi kí àwọn tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù di owó fún un.

Àwọn mẹ́ta yìí ò lè gbé orin jáde bákan náà kó sì yẹ wọ́n. A máa ń rí oní-fújì tó ń bá àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì jà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn yẹn gan-an ló ń gbé orúkọ rẹ̀ dé Ìséyìn àti Ṣakí. A sì máa ń rí ọmọ Pólì tó fọ́n MP3 rẹ̀ ká gbogbo wẹ́ẹ̀bù ọ̀fẹ́, tó wá ń ṣe kàyéfì pé kò sí kọ́bọ̀ lórí Spotify.

Bí àwọn ọ̀nà náà ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí. Alárinà ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá olórin gbé orin sórí Spotify àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, agbátẹrù ni olówó tàbí ilé-iṣẹ́ tó ń náwó lé olórin lórí. Àlàyé ń bọ̀ nísàlẹ̀.

| Ọ̀nà | Ohun tó ń náni | Ìgbà tí owó ń dé | Ẹni tó bá mu jù | Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| WhatsApp, Xender, mẹ́mọ́rì | Dátà díẹ̀ | Kò sí owó lórí orin. Owó òde ni | Oní-fújì, alásálátù, ẹni tó ní báńdì | Orúkọ olórin sọnù lára fáìlì |
| YouTube | Iṣẹ́ fídíò, dátà púpọ̀ | Lẹ́yìn tí ẹ bá kájú òṣùwọ̀n wọn | Ẹni tó ní eré tó gùn, tó ṣeé wò | Ìjà lórí bíìtì, ìkànnì ẹlòmíràn |
| Alárinà sí Spotify, Apple Music, Boomplay | Owó ọdọọdún tàbí ìdá nínú èrè | Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn gbígbọ́ | Ọ̀dọ́ tí olólùfẹ́ rẹ̀ wà lórí fóònù, lókè òkun pẹ̀lú | Gbígbọ́ ayédèrú, orúkọ tó kọ lura |
| Fílááṣì tí ẹ tà fúnra yín | Owó fílááṣì, ìtẹ̀wé | Lójú ẹsẹ̀ | Akọrin ẹ̀mí, oníwàásí | Fílááṣì ayédèrú, rédíò ọkọ̀ tí kò kà á |
| Agbátẹrù | Ẹ̀tọ́ yín | Owó àsansílẹ̀, lẹ́yìn náà ó pẹ́ | Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ń ta | Ìwé àdéhùn tí ẹnikẹ́ni ò kà |

Orin kan, ẹ̀tọ́ méjì

Ẹ má fo apá yìí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà olórin àti pùròdúsà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kìíní wà lórí orin fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ àti ohùn tí ẹ fi kọ ọ́. Ẹ̀tọ́ kejì wà lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìyẹn fáìlì tó jáde ní sítúdíò, tí wọ́n ń pè ní másítà. Òfin Kọpiráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ló ń ṣàkóso méjèèjì ní Nàìjíríà. Ẹ̀tọ́ lórí orin máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́, títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti másítà jẹ́ 50 ọdún láti òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde.

Láti ìgbà tí ẹ bá ti gba orin náà sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe orí fóònù lásán. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Síbẹ̀, Nigerian Copyright Commission, NCC, ní ètò ìforúkọsílẹ̀, a sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é fún orin tó bá ṣe pàtàkì sí yín, nítorí déètì tó wà lórí ìwé yẹn wúlò bí ẹnìkan bá ní òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́.

Títa ẹ̀tọ́ yìí, tàbí fífún ẹnìkan ṣoṣo láṣẹ lórí rẹ̀, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin àyàfi tó bá wà lákọsílẹ̀. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó san owó bíìtì fún pùròdúsà ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Owó ti lọ, àmọ́ kò sí ìwé tó sọ pé bíìtì ti di ti olórin. Ọjọ́ tí orin yẹn bá gbóná ni pùròdúsà máa rántí. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó láti dènà rẹ̀: àkọlé orin, orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn kọ ọ́ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ (orúkọ inú ìwé, kì í ṣe ti orí pátákó), ìdá tí oníkálukú ní nínú orin, ìdá tó ní nínú másítà, déètì, nọ́ńbà fóònù, ìbuwọ́lùwé. Àpapọ̀ ìdá náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 lápá méjèèjì. Kí wọ́n buwọ́ lù ú kí ẹ tó kúrò ní sítúdíò, kí ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn. Olùlù gángan tàbí ẹlẹ́gbè tí ẹ sanwó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún, ẹ kọ tiwọn náà sílẹ̀ pé owó iṣẹ́ ni wọ́n gbà, wọn ò ní ìdá. Òjò ìjà tó bá rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ò ní bá yín níta.

Ẹni tó bá fẹ́ gé díẹ̀ lára àwo àtijọ́ sínú orin tuntun gbọ́dọ̀ gba àṣẹ méjì: ti ilé-iṣẹ́ tó ni másítà, bí 50 ọdún rẹ̀ kò bá tíì pé, àti ti àwọn tó jogún orin. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní 1980. Ẹ̀tọ́ lórí orin tó fúnra rẹ̀ kọ ṣì wà títí di òpin 2050. Pé orin ti pẹ́, pé bàbá ti kú, kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Bí ẹ bá sì tún un kọ fúnra yín, láì gé ohùn tirẹ̀, àṣẹ tàwọn tó jogún orin ṣì kù.

Pínpín lọ́fẹ̀ẹ́: WhatsApp, Xender àti àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì

Nígbà tí Napster dé ní 1999, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin lára kọ̀ǹpútà ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà gbé e lọ sí kóòtù, ó sì pa ilẹ̀kùn dé ní 2001. Láti 2003 sí 2008, wọ́n pe àwọn tó ń pín orin fúnra wọn lẹ́jọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Pínpín ò dúró. Ohun tó wá dín in kù lọ́dọ̀ wọn ni iTunes tó ṣílẹ̀kùn ní 2003, tó ń ta orin kan ní 99 sẹ́ńtì, àti lẹ́yìn náà Spotify àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó rọrùn ju jíjí lọ. Ní Ìbàdàn, kò tíì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, nítorí dátà. Orin tí wọ́n ń gbọ́ lórí ayélujára máa ń jẹ dátà nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbọ́ ọ, àfi tí wọ́n bá fi pamọ́ sórí áàpù. Èyí tó wà nínú mẹ́mọ́rì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sanwó rẹ̀. Onímáíkírà tó ń rìn láti Ìwó Road sí Ọ̀jọ́ọ̀ kò ní fi dátà gbọ́ fújì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ ń ti òde wá kò gbọdọ̀ bá mẹ́mọ́rì jà. Kó fi ṣiṣẹ́ ni. Àmọ́ bí ẹ bá máa fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣe fáìlì náà dáadáa.

Kbps ni ìwọ̀n tó ń sọ bí ohùn MP3 ṣe dára tó: bó bá ṣe ga tó ni fáìlì ṣe ń tóbi tó. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà ní 128 kbps máa ń tó 3.8 MB, ní 320 kbps, 9.6 MB, WAV tó jáde ní sítúdíò, nǹkan bí 42 MB. Fún WhatsApp, 128 ti tó. Eré òde tó jẹ́ ìlàjì wákàtí, ẹ sọ ọ́ di 64 kbps, ohùn kan ṣoṣo (mono): ó máa wà ní nǹkan bí 14 MB, ó sì máa rọrùn fún àwọn tí fóònù wọn ti kún. Ẹ má fi WAV fún ẹnikẹ́ni. WAV ni irúgbìn yín. Inú dírááfù méjì ni kó wà, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Nínú MP3 kọ̀ọ̀kan, ààyè wà fún ọ̀rọ̀: orúkọ olórin, àkọlé, ọdún, àwòrán, àti àlàyé kékeré. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófo, wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ tó bá gbé e máa kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀, orúkọ yẹn náà ló sì máa hàn lójú fóònù gbogbo ẹni tó bá gbà á. Áàpù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mp3tag, lórí kọ̀ǹpútà Windows, máa jẹ́ kí ẹ kọ ọ́: ẹ ṣí fáìlì, ẹ kọ orúkọ olórin, àkọlé, ọdún, kí ẹ kọ «Ìpè òde» àti nọ́ńbà máníjà síbi àlàyé, ẹ fi àwòrán sí i, ẹ fi pamọ́. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní «Orúkọ Olórin - Àkọlé.mp3», láìsí àmì òkè àti ìsàlẹ̀, nítorí àwọn rédíò kan àtàwọn fóònù pálapàla máa ń sọ ẹ àti ọ́ di àpótí òfìfo.

Àwọn kan lè nu ohun tí ẹ kọ yẹn kúrò. Nítorí náà, kí orúkọ àti nọ́ńbà wà nínú ohùn pẹ̀lú. Tí ẹ bá fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, gígé ni wọ́n máa gé e. Ẹ fi í sí àárín, níbi tí ìlù ti fẹ́ yí padà, ibi tí ẹ ti ń ki àwọn èèyàn yín. Oní-fújì mọ èyí tẹ́lẹ̀: kíkì ni ìpolówó rẹ̀.

Ẹ rántí pé mẹ́mọ́rì 32 GB máa ń gba orin tó lé ní 8,000. Ẹ wà láàárín wọn, ẹ ò wà lókè wọn. Tí ẹ bá mọ àwọn tó ń kó orin ní Dùgbẹ̀ tàbí Ògúnpa, ẹ gbé fódà tó ní orúkọ yín fún wọn, kí gbogbo orin yín wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ní ti òfin: pé ẹ fún ayé lórin lọ́fẹ̀ẹ́ kò fún ẹlòmíràn láṣẹ láti tà á. Ẹni tó ń gba owó láti kó orin olórin sí mẹ́mọ́rì láì gbàṣẹ ń rú òfin, kódà kó sọ pé iṣẹ́ ìkósínú lòun ń gbowó fún. Ẹ lè gbójú kúrò, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró.

YouTube

Fún eré tó gùn, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston máa jókòó wo eré wákàtí méjì tí ẹ ṣe ní Jogor Centre láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìpolówó ọjà tí wọ́n sì ń fi hàn án lọ́hùn-ún níye lórí ju èyí tí wọ́n ń fi hàn níbí.

Kí wọ́n tó fún yín ní ìdá nínú owó ìpolówó, ìkànnì yín gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó tẹ̀lé e, àti wákàtí 4,000 tí wọ́n ti wò láàárín oṣù 12, tàbí ìwò mílíọ̀nù 10 fún Shorts, ìyẹn fídíò kúkúrú wọn, láàárín 90 ọjọ́. Eré gígùn ló ń jẹ́ kí wákàtí 4,000 yá: èèyàn 4,000 tó bá wo wákàtí kọ̀ọ̀kan ti parí iṣẹ́ náà, nígbà tí orin ìṣẹ́jú mẹ́rin nílò kí wọ́n wò ó tán nígbà 60,000.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ni pé àwọn oníkámẹ́rà àti àwọn elétò òde máa ń gbé eré náà sórí ìkànnì tiwọn. Olórin ṣeré, oníkámẹ́rà ló ń gbowó YouTube. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè: ta ló lè ya á, ìṣẹ́jú mélòó ló lè gbé síta, ìkànnì ta ni odindi eré máa wà. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni Content ID, ẹ̀rọ tó ń dá orin mọ̀ nínú fídíò ẹlòmíràn. Bí alárinà yín bá fi orin yín sínú rẹ̀, ẹ lè máa gba owó lórí fídíò tí àwọn ẹlòmíràn fi orin yín sí. Àmọ́ bí bíìtì yín bá jẹ́ èyí tí ẹ rà lórí ayélujára pẹ̀lú àṣẹ tí wọ́n tún ń tà fún ẹlòmíràn, ẹ má fi sí Content ID. Ẹ̀rọ náà máa mú gbogbo ẹni tó ra bíìtì kan náà, wọ́n máa ké gbàjarè, àkáǹtì yín ló máa sì fara gbá a.

Alárinà: ọ̀nà sí Spotify, Apple Music àti Boomplay

Spotify dé Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021. Apple Music ti wà níbí láti 2015, Boomplay náà bẹ́ẹ̀. Olórin kì í gbé orin sí Spotify àti Apple Music fúnra rẹ̀, ó ní alárinà tó ń bá a gbé e. Audiomack yàtọ̀: ẹ lè gbé orin síbẹ̀ fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ ní láti béèrè kí wọ́n fi yín sínú ètò owó wọn kí gbígbọ́ tó di owó.

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn alárinà, bí wọ́n ṣe ń gbowó ló yàtọ̀. DistroKid ń gba owó ọdọọdún, kò sì mú nínú èrè. Bí ẹ bá dẹ́kun sísan, orin yín máa kúrò, àyàfi tí ẹ bá san owó àfikún tí wọ́n ń pè ní Leave a Legacy fún orin náà. CD Baby ń gba owó lẹ́ẹ̀kan fún orin tàbí àwo kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú 9 nínú 100 èrè. RouteNote ní ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú 15 nínú 100.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: bí owó ọdún bá jẹ́ dọ́là 25, tí ọ̀fẹ́ sì ń mú 15 nínú 100, ọ̀fẹ́ ló dára jù títí èrè yín fi máa kọjá nǹkan bí dọ́là 167 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í dé ibẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń gbé orin méjìlá jáde lọ́dún, tó sì ti ní olólùfẹ́, kó lọ sọ́dọ̀ olówó ọdún. Àgbàlagbà tó fẹ́ kó àwo àtijọ́ rẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ-ọmọ lè gbọ́ ọ, owó ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa rántí sanwó lọ́dọọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí iye kan pàtó tí gbígbọ́ kan tọ́. Spotify máa ń kó owó tó wọlé ní orílẹ̀-èdè kan jọ ní oṣù kan, ó sì ń pín in gẹ́gẹ́ bí ìdá tí orin kọ̀ọ̀kan ní nínú gbogbo gbígbọ́ ibẹ̀. Owó oṣù tí ọmọ Nàìjíríà ń san kéré gan-an sí ti Amẹ́ríkà, nítorí náà gbígbọ́ ní Bódìjà kò lè mú ohun tí gbígbọ́ ní Manchester mú. Láti 2024, orin tí kò bá tó gbígbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba nǹkankan lórí Spotify.

Owó tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà tún ní owó-orí tiwọn. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà 30 nínú 100 ni wọ́n máa ń yọ lára owó tí gbígbọ́ ní Amẹ́ríkà mú wá. Alárinà máa ní kí ẹ kún W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó-orí Amẹ́ríkà. Orúkọ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì báńkì mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ orí pátákó kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Ohun tí ẹ máa kó lọ: WAV 16-bit, 44.1 kHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán onígun mẹ́rin tó dọ́gba, 3000 sí 3000 píkísẹ̀lì, láìsí nọ́ńbà fóònù tàbí àmì WhatsApp lára rẹ̀, torí wọ́n máa dá a padà. Orúkọ gbogbo ẹni tó kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìdá yín. Ẹ fi ránṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìjáde. Spotify fẹ́ kí ẹ fi orin han àwọn tó ń to àkójọ orin (playlist) wọn, ó pẹ́ tán, ọjọ́ méje ṣáájú. Ẹni tó parí orin lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó fẹ́ kó jáde ní Ẹtì ti pàdánù ìyẹn.

Ẹ yan ọ̀nà kan tí ẹ máa máa kọ orúkọ yín. Bí orin àkọ́kọ́ bá jẹ́ «Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú», tí èkejì jẹ́ «Segun Aremu», ojú ìwé méjì lè jáde fún ẹnìkan ṣoṣo, olólùfẹ́ máa tẹ̀lé ọ̀kan, orin tuntun máa bọ́ sí èkejì. A fẹ́ràn àmì ohùn, a sì fẹ́ kí ẹ lò ó. Ẹ ṣáà lò ó láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí orin ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yín bá bọ́ sójú ìwé yín, alárinà ló máa bá yín yà á sọ́tọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹni tó bá ní òun máa ta gbígbọ́ 100,000 fún yín, ẹ sá fún un. Ẹ̀rọ ló fi ń gbọ́ ọ. Spotify ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ìtanràn lé àwọn alárinà lórí orin tí gbígbọ́ ayédèrú bá pọ̀ jù lára rẹ̀, alárinà á sì yọ ọ́ lára owó yín tàbí kó yọ orin náà kúrò pátápátá.

Alárinà, owó másítà nìkan ló ń gbà. Tí rédíò bá lo orin yín, tí hótẹ́ẹ̀lì bá ń fi dá àlejò lárayá, ẹ̀tọ́ kìíní, ti orin fúnra rẹ̀, ní owó tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ń gba irú owó yìí ni MCSN, Musical Copyright Society Nigeria. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní àkọlé gbogbo orin yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdá. Orin tí wọn ò mọ̀ pé tiyín ni, wọn ò lè gbowó rẹ̀ fún yín.

Fílááṣì

CD ti lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ojú rẹ̀ mọ́. Fílááṣì ló gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyẹn ló sì mú kó dára fún àwọn tí èrò máa ń wá bá lójúkojú. Kò sí alárinà, kò sí dọ́là, owó ń wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí FAT32. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kì í ka NTFS tàbí exFAT. Ẹ kọ 01, 02, 03 síwájú àkọlé. Àwọn rédíò kan kì í wo nọ́ńbà rárá, bí wọ́n ṣe kó o sínú ni wọ́n ṣe ń lù ú, nítorí náà ẹ kó orin kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́sẹẹsẹ dípò kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. MP3 ní 192 sí 320 kbps ló dára. Kí ẹ tó ra fílááṣì ní ọ̀pọ̀, ẹ ra méjì, kí ẹ fi H2testw, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń wo bí ààyè fílááṣì ṣe tó gan-an, yẹ̀ ẹ́ wò: ayédèrú tó kọ 8 GB sára tí kò ju 2 GB lọ pọ̀ lọ́jà, orin tó bá sì kọjá 2 GB yẹn máa parẹ́ lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti délé.

Wọ́n máa dà á kọ fún ara wọn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dènà rẹ̀. Ẹ fi ohun tí kò sí níbòmíì sínú rẹ̀, àdúrà tàbí ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tó tẹ̀lé orin, kí ẹni tó bá fẹ́ odidi wá rà á.

Orin ìpè (caller tune) lórí MTN àti Glo ṣì ń mú owó wá fún akọrin ẹ̀mí àti alásálátù. Ilé-iṣẹ́ fóònù àti ẹni tó bá yín kó orin lọ bá wọn ló ń kọ́kọ́ mú ìdá tiwọn; ẹ béèrè ohun tó kù fún yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Agbátẹrù

Olówó kan gbọ́ yín lóde, ó ní òun máa gbé yín dìde. Ó lè jẹ́ ohun tó dára gan-an: fídíò, rédíò, mọ́tò, aṣọ. Àmọ́ ẹ lọ fi ìwé náà han lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ orin, kí ẹ sì wo ibi márùn-ún wọ̀nyí pẹ̀lú ojú ara yín.

Ọdún mélòó, tàbí àwo mélòó? Àdéhùn tó ka àwo dípò ọdún lè má parí bí agbátẹrù bá kọ̀ láti gbé àwo jáde. Ta ló ni másítà lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí, ìgbà wo ni yóò padà sọ́wọ́ yín? Owó àsansílẹ̀ àti owó fídíò, ṣé nínú ìdá tiyín ni wọ́n máa yọ ọ́ kí ẹ tó rí kọ́bọ̀? Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ó tún ń mú nínú owó òde? Fún oní-fújì, ìlà yìí ló le jù nínú gbogbo ìwé náà, torí òde ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé owó òde tó ti ń wọlé kí ẹ tó pàdé kò sí nínú rẹ̀. Ìkarùn-ún: ṣé ẹ lè rán aṣírò-owó lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò?

Àkáǹtì YouTube, ìméèlì, àkáǹtì alárinà: kí wọ́n wà ní orúkọ yín. Agbátẹrù lè ní àyè láti wọlé, kó má jẹ́ òun ló ni kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹlòmíràn bá gbé orin yín síta láì gbàṣẹ

Ẹ má kọ́kọ́ bínú kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà pẹ̀lú déètì, kí ẹ da àdírẹ́sì rẹ̀ gangan kọ, kì í ṣe ti ojú ìwé àkọ́kọ́ wẹ́ẹ̀bù. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ tó gba wẹ́ẹ̀bù náà sílé (web host). Òfin 2022 fún yín ní ẹ̀tọ́ yìí, òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ DMCA, ti 1998, sì fún yín ní tàwọn tó wà lọ́hùn-ún. Kí ìwé náà ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín, àkọlé orin, àdírẹ́sì ibi tó wà, ọ̀rọ̀ pé ẹ ò fún wọn láṣẹ, pé òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ, àti ìbuwọ́lùwé. YouTube àti Google ní fọ́ọ̀mù tiwọn, ó sì yá ju lẹ́tà lọ: bí wẹ́ẹ̀bù náà bá ṣagídí, Google lè yọ ojú ewé rẹ̀ kúrò nínú ìwákiri, èrò á sì dín kù.

Ẹ má fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ẹ fún láṣẹ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ wo WhatsApp yín dáadáa kó tó di pé ẹ kún fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń tà á ní ọ̀pọ̀ ni, NCC ni ẹ máa fi tó létí, kóòtù tó sì ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ni Federal High Court, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ìwé ìdá, WAV tó ní déètì, àti ìwé NCC ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Bó bá sì jẹ́ pé alárinà yín lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ kọ́kọ́ da nọ́ńbà ISRC orin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ másítà, kọ sílẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni. Ẹ gbé orin náà sọ́dọ̀ alárinà tuntun pẹ̀lú ISRC kan náà, àkọlé kan náà, WAV kan náà. Ẹ dúró kó hàn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ fún ti àtijọ́ pé kó yọ tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ ṣáájú, iye gbígbọ́ tí ẹ ti kó jọ lè padà sí òdo, orin á sì jábọ́ kúrò nínú gbogbo àkójọ tó ti wà.